Jọ́nà tó gba pépà lọ́jọ́ kẹrin

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lápá Ọ̀jọ́, nílùú Èkó. Mo kọ pépà kan lórí omi bọ́họ̀ọ̀lù tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń mu. Jọ́nà kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kọ ímeèlì sí mi pé àwọn ti ń gbúròó iṣẹ́ mi, kí n fi pépà ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní àwọn ti gbà á, wọn ò ní kí n tún kọ́mà kan ṣe, àfi kí n san 150 dọ́là láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Olórí ẹ̀ka wa ní jọ́nà yòówù tó bá ti ń gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, gbájúẹ̀ ni, pé kí n gbé e fún jọ́nà ẹ̀ka wa tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣómólú. Àbúrò kan ní ọ́fíìsì ní kí n kàn gbé e sórí preprint, ìkànnì tí wọ́n ń gbé pépà sí láìdúró de àyẹ̀wò jọ́nà, pé ayé ti kúrò nídìí jọ́nà. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n gba fọ́ọ̀mù ìgbéga. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

Ẹ má san owó yẹn. Ṣùgbọ́n ìdí tí olórí ẹ̀ka yín sọ kọ́ ni kò fi yẹ kí ẹ san án. Bí ẹ bá ń fi tiẹ̀ ṣe òdiwọ̀n, ẹ máa sá fún jọ́nà gidi, ẹ ó sì tún bọ́ sọ́wọ́ ayédèrú tó gbọ́n débi pé kò ní dárúkọ owó títí pépà á fi jáde tán. Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ọ̀rọ̀ yín: ta ló ń sanwó, ta ló ka pépà náà kó tó jáde, àti ibi tí ẹni tó bá fẹ́ kà á máa ti rí i. Owó ni ọ̀gá yín ń wò. Ibi tí wọ́n á ti rí i ni àbúrò yín ń wò. Ti àárín, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ń wá, kò sẹ́ni tó fẹnu bà á nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọjọ́ mẹ́rin yẹn bẹ̀rẹ̀. Tí pépà bá dé ọ̀dọ̀ olóòtú gidi, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ kà á bóyá ó bá jọ́nà wọn mu. Wọ́n á gbé e gba inú ẹ̀rọ tó ń wò ó bóyá wọ́n dà á kọ láti ibòmíì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà dunjú láti yẹ̀ ẹ́ wò, ibi wíwá yìí sì ni ọjọ́ ti ń lọ jù. Àwọn olùyẹ̀wò kì í sábà gbowó. Olùkọ́ bíi tiyín ni wọ́n, ìwé ìdánwò tí wọn ò tíì máàkì ń bẹ lórí tábìlì tiwọn náà. Àwọn kan á ní àwọn ò ráyè, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní dáhùn, kí olóòtú sì tó rí méjì tó gbà, ó lè ti kọ̀wé sí ẹni mẹ́wàá. Ẹni tó gbà á gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, á sì tún fà á kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni pépà á tó padà sọ́wọ́ yín fún àtúnṣe. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó yá nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin kò tó fún olùyẹ̀wò kan láti dáhùn pé òun á kà á, ká tó wá sọ pé ó kà á.

Ẹ wo irú ohun tí ẹni tó bá ka pépà yín lóòótọ́ máa bi yín. Bọ́họ̀ọ̀lù mélòó lẹ bu omi rẹ̀, báwo lẹ sì ṣe yàn wọ́n? Ṣé ìgbà òjò ni àbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Bí ẹ bá kọ ọ́ pé òjé inú omi náà kò kọjá 0.01 miligíráàmù nínú lítà kan, tó jẹ́ òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ti Nàìjíríà pẹ̀lú, ṣé ẹ̀rọ tí ẹ lò lè rí òjé tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ tí kì í rí ohun tó bá ti dín ní 0.05, tó bá ní òun ò rí nǹkan kan, kò tíì sọ pé omi dára. Ohun tó sọ ni pé ojú òun ò ká a. Ṣé ẹ gbé omi mímọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú gba inú ìgò kan náà àti ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìgò yín ló ń tú òjé sínú omi? Èyíkéyìí nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lè yí èsì yín padà. Jọ́nà tí kò bèèrè ọ̀kankan nínú wọn, tó kàn ní kí ẹ mówó wá, kò kà á.

Kí ẹ má dá ọ̀gá yín lẹ́bi jù, nítorí ibi tó ti ń bọ̀ jìn. Ọdún 1665 ni jọ́nà bẹ̀rẹ̀: Journal des sçavans jáde ní Paris ní oṣù kìíní, Philosophical Transactions sì tẹ̀ lé e ní London ní oṣù kẹta, tí Henry Oldenburg, akọ̀wé Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ń fi owó ara rẹ̀ tẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, lẹ́tà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń sọ ohun tí wọ́n bá rí fún ara wọn, ìjà ẹni tó kọ́kọ́ rí i kì í sì í tán nílẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni jọ́nà wá gbà ṣe pa pọ̀: ó ń jẹ́rìí ẹni tó ṣáájú, ó ń ṣe onídùúró pé iṣẹ́ náà ṣeé gbà, ó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kà, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Àwa a máa rò pé àyẹ̀wò àwọn ojúgbà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jọ́nà Nature tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1869 kò sọ ọ́ di dandan fún gbogbo pépà àyàfi ní 1973.

Fún nǹkan bí 300 ọdún, òǹkàwé ló ń sanwó, láíbìrì sì ni òǹkàwé tówó rẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn oníṣòwò bíi Robert Maxwell tó ni ilé ìtẹ̀wé Pergamon rí i pé ọjà yìí kò jọ ọjà míì. Bí tòmátì bá wọ́n ní Mile 12, ẹ lè ra èyí tó wà ní Ìddó. Ṣùgbọ́n pépà tó wà nínú jọ́nà kan, kò sí nínú òmíràn, nítorí náà láíbìrì ò lè ná an. Iye tí wọ́n ń gbà ń gòkè. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, apá àwọn láíbìrì wa ò ká a mọ́. Àwọn olùkọ́ tó dàgbà nínú ọ̀wọ́n yẹn mọ jọ́nà sí ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń rà tàbí tí kò lè rà. Pé jọ́nà á tún yíjú sí òǹkọ̀wé pé kó mówó wá, létí wọn ó dà bí ìgbà tí oníbúrẹ́dì ń gbowó lọ́wọ́ ìyẹ̀fun.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló yí owó náà padà. BioMed Central, ilé ìtẹ̀wé tí jọ́nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún òǹkàwé, bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Ní oṣù kejì 2002, àwọn kan tó ti pàdé ní Budapest kéde pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni lè ka iṣẹ́ ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́, PLOS tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sì gbé jọ́nà tirẹ̀ jáde ní 2003. Tí òǹkàwé ò bá sanwó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san án: ìjọba, yunifásítì, àjọ tó ń ná owó sórí ìwádìí, tàbí òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tó dára gan-an ló ń gba ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò bá ti fọwọ́ sí pépà. Owó gbígbà kọ́ ni àmì gbájúẹ̀. Àti pé, ẹ fọgbọ́n bi ọ̀gá yín: ṣé jọ́nà ẹ̀ka yín kì í gba owó ìyẹ̀wò àti owó ìtẹ̀ ni?

Ohun tí gbájúẹ̀ rí nínú ètò tuntun náà ni èyí. Nígbà tó jẹ́ láíbìrì ló ń rà á, jọ́nà tí kò ní láárí kò ní rí ẹni rà á. Nígbà tó di pé òǹkọ̀wé ló ń san, ẹni tí jọ́nà gbọ́dọ̀ tẹ́ lọ́rùn ni ẹni tí fọ́ọ̀mù ìgbéga ń lé bọ̀, kò sì sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ju "a ti gbà á" lọ. Òfin àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa tó ní dandan kí pépà kan jáde lókè òkun tún wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn, torí àdírẹ́sì London kì í wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ láíbìrì ní Colorado ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ irú wọn jọ ní 2010. Ó gbé ìwé náà kúrò ní 2017, ẹ̀dà rẹ̀ tí ẹ bá sì rí báyìí ti gbó, ẹ má gbára lé e nìkan. Ní 2013, oníròyìn sáyẹ́ǹsì kan, John Bohannon, kọ pépà irọ́ kan tí àṣìṣe inú rẹ̀ hàn gbangba, ó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304 tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún òǹkàwé. Jọ́nà 157 ló gbà á, àwọn kan nínú wọn sì wà lábẹ́ ilé ìtẹ̀wé ńláńlá. Orúkọ ńlá nìkan kò tó láti fi ọkàn balẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa yẹ̀ wọ́n wò? Wọ́n á ti kọ ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà, gàdàgbà sókè ìkànnì wọn. ISSN dà bíi nọ́ńbà ọkọ̀: danfo tí bíréèkì rẹ̀ ò mú náà ní nọ́ńbà. Ní Nàìjíríà, National Library ló ń fún jọ́nà ní nọ́ńbà yìí, kò sì sẹ́ni tó ń ka pépà kí wọ́n tó fún wọn. Síbẹ̀, àwọn kan tún máa ń hùmọ̀ tiwọn látinú afẹ́fẹ́, ìṣirò kékeré sì lè tú wọn fó. Ẹ mú ti Nature, 0028-0836. Ẹ fi 8 sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ di púpọ̀, 7 sọ ìkejì, ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 2 fún ìkeje, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 12, 40, 24 àti 6 jẹ́ 82, ìyókù jẹ́ òdo. Ẹ fi 11 pín 82, ó ṣẹ́ ku 5. Ẹ yọ 5 kúrò nínú 11, ó ku 6, òun náà ló sì wà nípò ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ 10 ló kù, X ni wọ́n ń kọ; bó bá jẹ́ 11, òdo ni. Èyí tí kò bá bọ́ sí i, ayédèrú ni. Èyí tó bọ́ sí i, ẹ wá a lórí ìkànnì ISSN fúnra rẹ̀ bóyá orúkọ jọ́nà náà ló wà níbẹ̀. Ti DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ pépà kọ̀ọ̀kan, náà kò ju báyìí lọ: ẹ mú èyí tó wà lórí pépà tí wọ́n ti gbé jáde, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn doi.org/, tí kò bá gbé yín dé ibì kankan, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi í ṣe.

Impact factor, iye ìgbà tí wọ́n ń tọ́ka sí pépà jọ́nà kan ní ìpíndọ́gba, ni wọ́n fi ń dán lójú àwọn èèyàn jù. Ìṣirò rẹ̀ kò le: tí jọ́nà kan bá gbé pépà 60 jáde ní 2022 àti 2023, tí àwọn ẹlòmíì sì tọ́ka sí àwọn pépà yẹn nígbà 90 nínú ọdún 2024, 90 tí a fi 60 pín jẹ́ 1.5. Eugene Garfield ló gbé èrò yìí kalẹ̀, láti ran àwọn láíbìrì lọ́wọ́ láti yan jọ́nà. Kò ronú pé wọ́n á fi ṣe òṣùwọ̀n olùkọ́. Ilé iṣẹ́ Clarivate nìkan ló ń gbé ojúlówó jáde lónìí. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fi "global", "universal" tàbí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú impact factor, ẹ sún sẹ́yìn. Ní ti Scopus, àkójọ ńlá kan tó ń yan jọ́nà tó máa wọ inú rẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbọ́ pé àwọn wà níbẹ̀. Àkójọ jọ́nà inú rẹ̀ ṣeé wò láìsanwó. Ẹ wo ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, nítorí wọ́n máa ń lé jọ́nà jáde, tí àmì náà ò sì ní kúrò lójú ìkànnì jọ́nà. Ẹ tún wò ó bóyá àdírẹ́sì ìkànnì tó wà níbẹ̀ ni ẹ ń kọ̀wé sí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìkànnì jọ́nà gidi ni wọ́n dà kọ, orúkọ àti ISSN rẹ̀ pẹ̀lú, àkáǹtì bánkì nìkan ni tiwọn.

Èyí tó tún dá mi lójú ju gbogbo ìyẹn lọ ni pé kí ẹ ka pépà méjì nínú jọ́nà náà, èyí tó bá iṣẹ́ yín tan. Tí èyí tó wà lórí omi bá wà láàárín èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bánkì àti èyí tó sọ̀rọ̀ nípa oyún, ẹ ti rí ìdáhùn. Kí ẹ sì yan orúkọ kan nínú ìgbìmọ̀ olóòtú, ẹ wá ímeèlì rẹ̀ lórí ìkànnì yunifásítì tirẹ̀, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Àwọn kan ò mọ̀.

Jọ́nà Ṣómólú ńkọ́? Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n tẹ jọ́nà ní Ṣómólú. Àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹ̀dà díẹ̀ á jáde, wọ́n á pín in fún àwọn òǹkọ̀wé, ìyókù á wọ kọ́bọ́ọ̀dù olórí ẹ̀ka, nígbà tí olórí ẹ̀ka bá sì yí padà, Volume 2 á di ìkẹyìn. Ẹni tó ń ṣèwádìí omi ní Kano tàbí ní Accra kò ní rí pépà yín láé. Ṣùgbọ́n jọ́nà ilẹ̀ wa tó dára wà. AJOL (African Journals Online) ti ń kó jọ́nà Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998, ẹ sì lè rí ìràwọ̀ tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti òdo dé mẹ́ta, lórí bí wọ́n ṣe ń ṣètò iṣẹ́ wọn. Ètò kọ̀ǹpútà OJS tí wọ́n fi ń darí jọ́nà láti orí ìfiránṣẹ́ dé orí àyẹ̀wò, ọ̀fẹ́ ni. Tí jọ́nà ẹ̀ka yín bá lè dé irú ibẹ̀, tí olùyẹ̀wò rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kejì, èmi ò ní sọ pé kí ẹ má lọ.

Àbúrò yín náà kò ṣìnà pátápátá. Láti 1991 tí Paul Ginsparg ti dá arXiv sílẹ̀ ni àwọn onífísíìsì ti ń gbé pépà síbẹ̀ kí jọ́nà tó rí i. Àwọn onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní bioRxiv láti 2013. Preprint ń ṣe mẹ́ta nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí mo kà sókè: ó ń jẹ́rìí ọjọ́, ó ń gbé e kiri, ó ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe onídùúró, iṣẹ́ onídùúró yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ìgbéga sì ń wá, nítorí náà kò ní wọ inú ìṣirò yín. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka òfin jọ́nà tí ẹ ń lọ. Púpọ̀ nínú wọn gbà, àwọn kan kọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ bá sì ti gbé síbẹ̀ kì í ṣeé pa rẹ́.

Níbi tọ́rọ̀ yín le sí jù lọ ni pé pépà ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ímeèlì lónìí, kó kúrú: àkọlé pépà, nọ́ńbà tí wọ́n fún un, ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, pé ẹ̀yin àti gbogbo ẹni tí ẹ jọ kọ ọ́ ti gbà á padà, pé ẹ ò sanwó, ẹ ò sì fún wọn láṣẹ láti gbé e jáde. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó gbé àṣẹ fún wọn, ẹ kọ ọ́ pé ẹ fagi lé e. Ọ̀ràn náà á le díẹ̀ sí i nígbà náà. Wọ́n lè ní kí ẹ san owó ìgbàpadà. Ẹ má fèsì, ẹ má sì san kọ́bọ̀. Ẹ ya àwòrán ìkànnì wọn àti gbogbo lẹ́tà wọn pamọ́. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa wo ìkànnì náà. Tí wọn ò bá gbé e sókè, ẹ gbé e lọ síbòmíì. Tí wọ́n bá ti gbé e sókè, ẹ sọ fún olóòtú tuntun nínú lẹ́tà tí ẹ kọ́kọ́ máa kọ sí i, kí ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Àwọn kan á gbọ́ yín yé, àwọn mìíràn á ní àwọn ò gba ohun tó ti jáde, mi ò sì lè ṣèlérí èyí tó máa kan yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ yí àkọlé padà kí ẹ sì dákẹ́, ẹ má dán an wò. Gbólóhùn inú pépà ni ẹ̀rọ máa ń wò, kì í ṣe àkọlé.

Ní ti oṣù mẹ́rin, mi ò ní tàn yín. Jọ́nà tó ń ka pépà lè má parí iṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹ wá ìwé òfin ìgbéga ilé ẹ̀kọ́ yín, torí wọn ò dọ́gba. Àwọn kan ń ka lẹ́tà ìgbàwọlé, àwọn kan fẹ́ nọ́ńbà ojú ìwé. Pépà inú jọ́nà ayédèrú lè gba ọ̀nà kọjá lọ́dún yìí. Nígbà tí wọ́n bá kó iṣẹ́ yín lọ fún àwọn olùyẹ̀wò láti ìta, fún ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ṣì máa wà nínú CV yín.

Láti yan jọ́nà, ẹ ṣí ẹ̀yìn pépà yín, ẹ wo jọ́nà tí ẹ tọ́ka sí jù. Àwọn tó ń kà á ni pépà yín ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn jọ́nà tí láíbìrì ń sanwó fún kì í sábà gba nǹkan kan lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kékeré ò mọ̀. Lórí DOAJ, àkójọ jọ́nà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún òǹkàwé, tó ní kí gbogbo jọ́nà inú rẹ̀ tún béèrè àyè ní 2014, ẹ lè yan kó fi kìkì àwọn tí kì í gbowó hàn yín. Tó bá jẹ́ èyí tó ń gbowó ni, ẹ béèrè ìdínkù lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbà á. Ipò tí Báńkì Àgbáyé to Nàìjíríà sí kò sí lára àwọn tó tòṣì jù, nítorí náà ọ̀fẹ́ pátápátá kì í sábà wá fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń gé e sí ààbọ̀, àwọn kan ò gé nǹkan kan. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ láíbìrì tó ń mójú tó jọ́nà ní ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ mú orúkọ jọ́nà mẹ́ta dání.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ síbi kankan, ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù tí ẹ̀rọ yín lè rí nípa òjé, kí ẹ kọ ọ́ sínú pépà. Tó bá ju 0.01 lọ, gbólóhùn tó ní omi náà dára gbọ́dọ̀ jáde kúrò níbẹ̀, tàbí kí ẹ padà lọ bu omi míì.